Ọ́ìlì Tí Mo Torí Rẹ̀ Pe Àgbàlagbà Lólè

Mo ti pe ẹni tó jù mí lọ lólè rí, ní gbangba, lójú obìnrin tó lé ní ogún, ọkùnrin náà kò sì jalè. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi rìn dé àárín ọ̀nà kó tó mọ irú ènìyàn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà, kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Kí n tó padà sí Fìdítì, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan ní ìhà ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ náà ni iṣẹ́ mi. Ẹni tí kò bá gbé inú ọkọ̀ ojú omi rí kò lè mọ bí jẹnẹrétọ̀ ti ṣe pàtàkì tó níbẹ̀. Bó bá kú, iná kú, omi mímu kò sí, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde ní ìdí ọkọ̀ náà á dákẹ́. Bí a bá jí láàárọ̀ tí a bá ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, ọ̀gá wa kò ní jẹun, àwa náà kò sì ní jẹun, títí a ó fi rí ibi tó ti ń jò. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ohun tó bà mí jẹ́ gan-an nìyẹn, torí pé nígbà tí mo délé, ńṣe ni mo ń rìn bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńjìnì láti Ìbàdàn títí dé Ọ̀yọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹnjiníà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹnjiníà kọ́ ni mí.

Ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ní ilé ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ìlú. Ilé ẹ̀rọ náà kò ju òrùlé páànù gbọọrọ kan lọ. Lápá kan ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, láàárín ni ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n to ààrò sí, níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísẹ̀lì ló ń gbé gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́. Inú yàrá búlọ́ọ̀kù kékeré kan lẹ́yìn ló wà, pẹ̀lú àpótí onígi kan tí wọ́n ń ti gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì mọ́.

Bàbá àgbà kan ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ yìí kí n tó dé. Kì í ṣe mẹkáníìkì. Àgbẹ̀ ni, lọ́nà Ìmíní, ó sì ń sin Ògún gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti sìn ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ náà dé, òun ló ń tan án láàárọ̀, òun ló ń pa á nírọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ àpótí ọ́ìlì sì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú okùn. Baba Ẹ̀rọ ni àwọn obìnrin ń pè é. Ní ọrọọrún, tó bá jẹ́ ọjọ́ Ògún, a máa ta epo pupa díẹ̀ sórí irin tí jẹnẹrétọ̀ náà jókòó lé, a sì sọ gbólóhùn kan tàbí méjì sí i, kó tó tan án. Ìyá mi ti lọ sí Mẹ́kà, síbẹ̀ kò bá a jà. Ó ní tirẹ̀ ni kó máa ṣe, kí ẹ̀rọ sáà ti ṣiṣẹ́.

Èmi ni inú ń bí. Mo ń rí epo tó ti pò pọ̀ mọ́ eruku ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ yàrá náà, mo sì ń kùn pé nínú ọkọ̀ ojú omi, wọn kì í gba irú ìdọ̀tí báyìí láyè.

"Ẹnjiníà," Baba á sọ, á sì máa rẹ́rìn-ín, "ọkọ̀ ojú omi tìrẹ yẹn, ṣé igi ni wọ́n fi kan án ni, àbí irin?"

Àwọn obìnrin á fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì tún ń bí mi nínú sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, mẹkáníìkì kan láti Ìlọrà ló máa ń wá ṣe é, Baba á sì dúró tì í títí yóò fi parí. Mo ní kí ìyá mi má pè é mọ́. Kí ni wọ́n ń wá lọ sí Ìlọrà nígbà tí mo wà nílé? Mo da ọ́ìlì àtijọ́ jáde, mo tú fílítà, ìyẹn agolo kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ọ́ìlì, mo gbé tuntun sí i. Baba mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ tan iná síbẹ̀ kí n lè ríran dáadáa, torí òkùnkùn wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ń pe ìrun, mo sì fẹ́ lọ wẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Baba," mo sọ fún un. "Mo lè dijú ṣe èyí."

Ó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú kan, mo wò ó fìrí, kò sí ohun tó ń jò, mo pa á, mo gba mọ́sálásí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fa géèjì yọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń mọ bí ọ́ìlì ti kù tó nínú ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì náà ti lọ sílẹ̀ kọjá ìlà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìdí ẹ́ńjìnì. Epo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dúdú, ó ti di ẹrẹ̀ pẹ̀lú eruku. Mo fi ìka kàn án. Ká ní inú ọkọ̀ ojú omi la wà ni, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé epo tí Baba fi ń bọ Ògún rèé o, ẹ wo bó ṣe sọ ibi gbogbo dà. Mo fi àkísà nù ún kúrò, mo ní kí Baba ṣí àpótí. Gálọ́ọ̀nù tó kún nígbà tí mo rí i kẹ́yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ púpọ̀ wá ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ kí n lè wo géèjì, nítorí náà ilé ẹ̀rọ dákẹ́, kò sí ariwo kankan tó lè bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Mo gbé gálọ́ọ̀nù náà jáde síta, lójú gbogbo wọn.

"Baba, ọ́ìlì inú èyí dà?"

"Ó wà nínú ẹ́ńjìnì," ó dáhùn. "Láràárọ̀ ni mò ń bù ú kún un. Ó ń mu ún lódìlódì."

"Ẹ́ńjìnì tí èmi fúnra mi tún ṣe ló ń mu ọ́ìlì?"

"Mo fẹ́ sọ fún ọ láti ìjẹrin. Ojú rẹ ni kò gbà mí láyè."

Òótọ́ ló sọ. Bó bá sọ fún mi, ǹ bá ti jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó ń tàbùkù iṣẹ́ mi níwájú àwọn obìnrin, mo sì la ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Baba. Ọlọ́kadà wo lẹ̀ ń tà á fún? Ẹ̀ ń jí ọ́ìlì àwọn ìyá wọ̀nyí tà ni."

Ọwọ́ àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ dúró. Baba wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní eré ni. Nígbà tí mi ò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú sípánà kan nínú àpótí irinṣẹ́ mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún mọ́.

"Ògún ń gbọ́," ó sọ. "Bí mo bá gbé ẹ̀kán kan nínú ọ́ìlì yìí lọ síbi tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ yìí, kí irin má mọ̀ mí mọ́ bí mo bá dóko." Ó gbé sípánà náà sẹ́nu, ó gé e jẹ.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sin Ògún tó sì ṣe ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Kódà ní kóòtù, bí ẹnìkan bá ní òun kò di Bíbélì mú, òun kò sì di Kùránì mú, irin ni wọ́n máa ń gbé fún un. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, mo sì gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀ pé ó ti tán. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ Fìdítì ni mí, wọn ò fi ọkọ̀ ojú omi bí mi. Ṣùgbọ́n orí mi ti gbóná.

"Irin tẹ́ ẹ gé jẹ kò lè dá ọ́ìlì padà," mo ní.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, nídìí ààrò. Kí n má purọ́, ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Baba dá sípánà padà sínú àpótí, níbi tó ti mú un. Ó bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, kò fi lé mi lọ́wọ́, orí gálọ́ọ̀nù ló gbé e lé. Ó kí ìyá mi pé ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni, ó sì lọ.

A délé, èmi àti ìyá mi. Ó ń ṣàlùwàlá fún ìrun Àsárì kó tó bi mí.

"Ṣé o rí i níbi tó ti ń gbé e lọ?"

"Rárá, Ìyá."

"Ta ló rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i."

"Ọkùnrin yẹn gé irin jẹ lójú mi. Bó bá ṣe pé ìwọ lo fi Kùránì búra, tí ẹnìkan fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé wàá lè sùn?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì la wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbúra. Ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ kúrò níwájú mi, ó wọlé.

Fìdítì kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí ọjà ti ń bi mí bí òótọ́ ni pé mo mú Baba Ọlọ́ìlì. Orúkọ ti wà fún un nìyẹn. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà bó bá ń bọ̀ láti oko, wọ́n sì ní ìyàwó rẹ̀ ti ń ru ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ sí Ìlọrà láti lọ lọ̀ ọ́. Ẹ̀gẹ́ tútù kì í ṣe ẹrù tí ènìyàn ń gbé rìn jìnnà. Mo gbọ́ gbogbo èyí, mo ní ẹni tó bá jẹ gbì yóò kú gbì.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí Baba lọ, mo fa géèjì yọ. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Èmi ni mo tan ẹ̀rọ, èmi ni mo pa á, ẹlòmíràn kò wọ yàrá náà. Ọ́ìlì ti tún lọ sílẹ̀ kọjá ìlà. Mo nu géèjì náà, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ, bí ẹni pé ó lè yí ọkàn padà. Mo jókòó lórí àpótí náà, mo sì ronú ohun tí ojú ń tì mí láti kọ sílẹ̀: mo ronú pé bóyá Baba ti lọ gé kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, tó ń wá fa ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì lóru.

Nítorí èyí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti ń jò. Mi ò fẹ́ fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀ fún Baba. Ńṣe ni mo fẹ́ lè sọ fún ìyá mi pé mo ti wá a, mi ò rí nǹkan kan, ẹ̀rọ kò jò.

Mo yan ọjọ́ tí wọn kò ní lọ ẹ̀gẹ́ púpọ̀. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ́ńjìnì náà, mo tún fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí náà sì ń ṣí kúrò lára rẹ̀ ní èèpá èèpá. Mo nù ún títí ó fi gbẹ. Mo gé jàlàbíà funfun mi kan tó ti gbó, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ra páúdà ọmọdé, mo sì bù ú gbọ̀n sí gbogbo ara ẹ́ńjìnì náà. Bí a ti máa ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ara ẹ̀rọ á funfun, ibi tí ọ́ìlì bá ti jáde á sì fi ojú ọ̀nà dúdú hàn. Àwọn obìnrin yọjú wá wò mí.

"Ẹ wá wò ó o, Ẹnjiníà ń kun jẹnẹrétọ̀ ní páúdà!" ọ̀kan nínú wọn ké. "Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Mo tan án. Ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìgbé ẹrù kankan, ẹ̀rọ ìlọ̀ kò tíì fa iná lára rẹ̀. Páúdà funfun, jàlàbíà funfun. Ara tù mí. Mo ti fẹ́ lọ pe ìyá mi wá wò ó nígbà tí mo rántí ọ̀gá mi àtijọ́, tó máa ń ní ẹ̀rọ tí kò gbé ẹrù kì í sọ òótọ́. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná, ó gbọ́dọ̀ máa làágùn, kí ọ́ìlì inú rẹ̀ tó lágbára láti ti ara rẹ̀ jáde. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe bí ẹni pé mi ò rántí.

Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀rọ ìlọ̀. Ohùn jẹnẹrétọ̀ náà yí padà, ó wúwo. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀kán dúdú kan bọ́ sórí jàlàbíà, lápá ẹ̀yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ á rò pé ẹ̀yìn ló ti jò, ṣùgbọ́n fáànù ẹ́ńjìnì ló ń fẹ́ ọ́ìlì lọ sẹ́yìn. Ibi tó ga jù lọ tó ti rin ni a máa ń wá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ̀ lé ojú ọ̀nà dúdú náà nínú páúdà, láti ìdí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ó gba abẹ́ páìpù kan, ó ń gòkè. Ìdí fílítà ló dúró sí. Mo fi ìka kan ibẹ̀, ọ́ìlì gbígbóná ń rú jáde díẹ̀díẹ̀ sí mi níka.

Mo pa ẹ̀rọ, mo dúró kó tutù, mo tú fílítà náà. Gbogbo fílítà ló ní rọ́bà róbótó tirẹ̀ lẹ́nu, tó ń dí i mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí a bá yọ ti àtijọ́, nígbà mìíràn agolo rẹ̀ á bọ́, rọ́bà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Nítorí náà ni a ṣe ń fi iná wo ibẹ̀, tí a sì ń fi ọwọ́ nù ún, kí a tó gbé tuntun sí i. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta mọ èyí. Rọ́bà méjì ni mo bá níbẹ̀, tuntun lórí àtijọ́. Bí wọ́n bá tutù, wọ́n á mú un. Bí wọ́n bá gbóná, wọ́n á yọ̀ lórí ara wọn. Èmi ni mo fi í bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn, nígbà tí mo ní mo lè dijú ṣe é.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo ká rọ́bà àtijọ́ náà, mo tì í sínú àpò mi. Mo nu ojú ẹ́ńjìnì mọ́, mo dá fílítà padà bó ti yẹ, mo tún ní kí wọ́n lọ ẹ̀gẹ́. Kò kán mọ́. Ìyá mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O rí i?"

"Mo rí i, Ìyá. Rọ́bà kan ló gbó."

"Rọ́bà wo?"

"Ti inú fílítà. Wọ́n máa ń gbó bẹ́ẹ̀."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní Ẹnjiníà ò láfiwé, wọ́n ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀kan bu gààrí gbígbóná fún mi láti inú agbada, pẹ̀lú ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni ẹnìkan wá bèèrè, láìgbójú sókè kúrò nídìí asẹ́ tó fi ń kù, pé ṣé Baba Ẹ̀rọ kò wá jalè nìyẹn.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," mo dáhùn.

Ó jọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ nípa ọmọlúwàbí ènìyàn nìyẹn, ẹ̀pà ṣì wà lẹ́nu mi.

Mo fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìmíní. Mo bá Baba níbi tó ti ń roko láàárín ẹ̀gẹ́. Ó rí mi, ó fi ọkọ́ ti ara. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láàárín ebè.

"Dúró," ó ní. "Má dọ̀bálẹ̀ níbí. Níbo lo ti pè mí lólè?"

"Ní ilé ẹ̀rọ, Baba."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Àwọn ìyá."

"Ṣé o rí wọn nínú oko yìí?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni mo fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ tó jẹ́ pé ewé ẹ̀gẹ́ ló rí i ṣe?" Ó gbé ọkọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ń lọ ẹ̀gẹ́, màá wá."

Ó wá lóòótọ́. Ó wọ dàńṣíkí tó mọ́, ó dé fìlà, bí ẹni tó ń lọ síbi ìkómọ. Ìyá mi ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ ìlọ̀ dúró, ilé ẹ̀rọ sì dákẹ́ gẹ́gẹ́ bó ti dákẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì tí omi ẹ̀gẹ́ ti rin.

"Ẹ forí jì mí, Baba," mo sọ. "Ẹ̀rọ yìí ló tàn wá jẹ."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ bó ti ń jáde lẹ́nu mi. Mo ti kó gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mọ́ ara mi, mo sì ti di ẹ̀bi náà lé irin lórí. Bàtà Baba nìkan ni mo ń rí.

"Ẹ̀rọ kọ́ ló pè mí lólè," ó sọ.

Bàtà náà yí padà, ó dojú kọ ọ̀nà. Nígbà náà ni mo tó sọ ọ́, ojú mi wà nílẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní rọ́bà kò gbó, pé èmi ni mo gbàgbé ti àtijọ́ síbẹ̀ torí pé mo ń kánjú, tí mo sì ń gbéra ga, mi ò jẹ́ kí Baba tan iná sí i. Mo ní láti ìgbà tí mo ti rí i ni mo ti mọ̀, mo sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́, mo jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo yọ rọ́bà náà nínú àpò, mo fi lélẹ̀ níwájú mi. Mo ní èmi ni mo pe ẹni tó gé irin jẹ lólè.

Ẹnìkan pòṣé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́ bọ̀, mo sì mọ ẹsẹ̀ náà. Orúnkún ìyá mi kò dára. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti jẹ́ pé orí àga ló ti ń kírun. Ó di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọ̀ mú, ó rọra kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí sìmẹ́ǹtì náà, níwájú àwọn obìnrin tó jẹ́ olórí fún, orúnkún kan lẹ́yìn èkejì, mo sì gbọ́ bí méjèèjì ṣe ń dún.

"Ẹ má bínú, Baba," ó ní. "Èmi ni mo bí i."

Baba yára tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. "Ẹ dìde, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́." Ó gbé e dìde, ó mú un lọ jókòó lórí àpótí ìjókòó kan, ó gbọn omi ẹ̀gẹ́ kúrò létí ìró rẹ̀. Ó kí gbogbo wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo wọn dá a lóhùn, ohùn wọn ròkè ju bí wọ́n ti máa ń kí i tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí a ti tọ́ wa ni pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kì í dìde títí ẹni tó ń bẹ̀ yóò fi ní kó dìde. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n tún tan ẹ̀rọ ìlọ̀. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ padà sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú agbọ̀n lórí, omi ẹ̀gẹ́ tútù sì ń ṣàn wá sábẹ́ àyà mi. Mo ń retí kí ìyá mi pè mí. Kò pè mí. Nígbà tó pẹ́, mo dìde fúnra mi.